Wákàtí 25 Nínú Ìjì Yìnyín: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Kan àti Àwọn Àbúrò Rẹ̀ Méjì

Níwájú ilé ẹjọ́ Oliver County, ní ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Center ní ìpínlẹ̀ North Dakota, òkúta ìrántí kan wà tí gómìnà tẹ́lẹ̀ rí kan gbé kalẹ̀ ní 1936. Ọmọbìnrin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀ kò tíì pé ọdún 16 nígbà tó kú. Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta náà, ṣùgbọ́n n kò ní dá a níhìn-ín. Tí mo bá ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn tíṣà ní ìtọ́jú pàjáwìrì, mo máa ń yọ orúkọ kúrò, torí pé gbàrà tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ, orin ìyìn ló máa ń kù, kò sẹ́ni tí yóò tún bi mí ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ohun tó jẹ́ lóru ọjọ́ náà nìyẹn.

Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ ìtàn náà ni pé òtútù mú àwọn ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ṣí kóòtù rẹ̀, ó fi bo àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn àbúrò yè, òun kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àmọ́ ìparí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó pa ọmọ náà ti wọ̀ ọ́ lára ní ọ̀sán, nínú omi, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó tó ṣí bọ́tìnì kankan. Ẹni tí kò bá rí omi yẹn nínú ìtàn náà yóò lọ sílé pẹ̀lú omijé lójú, kò sì ní mọ ohun tó yẹ kó gbé sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ilẹ̀ náà

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọmọ Yorùbá dáadáa, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé wà pọ̀, oko ló jìnnà. Ní North Dakota, òfin ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1862 fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé orí ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó sì ro ó, ní éékà 160. Nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan dá wà láàárín oko tirẹ̀. Igi kò pọ̀ lórí pápá náà. Kò sí ohun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, kò sì sí ohun tí ojú lè fi ṣe àmì. Nígbà tí ìjì yìnyín bá ń jà, ènìyàn lè kọjá láàárín ilé méjì kó má mọ̀ pé òun kọjá ilé kankan.

Àwọn Mandan àti Hidatsa tí wọ́n ti ń gbé etí odò Missouri tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pín éékà, mọ ilẹ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé alámọ̀ ńláńlá, tó wà pọ̀ bí agboolé, ni wọ́n ń gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òtútù bá ti ń bọ̀, wọ́n á ṣí lọ sínú igbó ìsàlẹ̀ etí odò, níbi tí igi ti ń gba afẹ́fẹ́ dúró fún wọn. Àwọn tó wá gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn wọn kọ́ ilé sórí pápá gbalasa, wọ́n sì ní kí ọmọ máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gba ibẹ̀. N kò sọ ọ́ láti bú wọn. Òfin náà ló ní kí kálukú gbé orí éékà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ èdè díẹ̀. Yìnyín ni a ń pè é nílé, ìbáà ṣe èyí tó ń já bọ́ bí òkúta nígbà òjò, ìbáà ṣe èyí tó rọ̀ bí òwú. Àwọn ará wa tó ń gbé lókè òkun ti ń pe èyí tó rọ̀ bí òwú ní sínóò. Níhìn-ín, ibi tí mo bá ti wí yìnyín, sínóò náà ni mo ní lọ́kàn: èyí tí ìjì ń gbé fò, tó ń kún imú, tó ń lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú títí ojú kò fi ní ṣí.

Òwúrọ̀ tó tan ènìyàn jẹ

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹta 1920. Òwúrọ̀ náà rọ̀, oòrùn díẹ̀ wà, yìnyín ń yọ́, omi sì ti ń kó jọ sí ibi tí ilẹ̀ bá ti jìn. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní 12 oṣù Kìíní 1888, òwúrọ̀ rọ̀ báyìí gan-an lórí pápá Dakota àti Nebraska, àwọn ọmọ jáde láìwọ aṣọ tó nípọn. Ìjì dé ní ọ̀sán, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ẹ́ jáde, ènìyàn bí 235 ló kú, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Rédíò tí ì bá ka ojú ọjọ́ sétí ará oko kò tíì sí. Ilé-iṣẹ́ rédíò KDKA ní Pittsburgh, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣíwájú jù lọ, oṣù Kọkànlá ọdún 1920 yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà òfin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tí àwọn ọmọ wa yìí ń lọ: tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ dá lọ sílé, òbí ní láti wá mú un. Òfin tó dára ni. Nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀, bàbá wọn gun ẹṣin, ó rin bíi máìlì méjì wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 15, tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Bismarck, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 8.

Ìṣẹ́jú tí kò sẹ́ni tó di ìjánu mú

Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò ní táyà. Pákó méjì tó tẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, ẹṣin kan ló ń fà á, wọ́n sì fi tàpólì ṣe ìbòrí fún un. Ọkọ̀ yìnyín ni n ó máa pè é. Ẹṣin náà ti dàgbà, ó sì tutù lọ́wọ́. Ọmọdé ń wà á.

Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, bàbá so ẹṣin mọ́ ọkọ̀, ó kó àwọn ọmọ sínú rẹ̀, ó fi kúbùsù àti aṣọ onírun wé wọn. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n dúró de òun, kí òun lọ mú ẹṣin tí òun gùn wá jáde nínú ilé ẹran, òun á sì ṣíwájú wọn lọ sílé. Ètò tó mọ́gbọ́n dání: àgbà níwájú, ọmọ lẹ́yìn, ẹṣin ọmọ á máa tẹ̀ lé ẹṣin àgbà.

Kí ó tó dé, ẹṣin ti lọ. Apá ọmọdébìnrin náà kò ká a. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní géètì méjì. Èyí tó wà ní gúúsù ló lọ sílé, ẹṣin sì gba ti àríwá jáde. Nígbà tí bàbá yọ láti ilé ẹran, kò rí ọkọ̀, kò rí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí ojú ọ̀nà.

Ohun tí bàbá náà ṣe tẹ̀ lé e ni èyí tí èmi pẹ̀lú ì bá ṣe. Ó rò pé ẹṣin ti gba ọ̀nà ilé tó mọ̀ dunjú, ó sì sáré lé wọn gba ibẹ̀. Ó délé, wọn kò sí níbẹ̀. Gbogbo àkókò tó fi ń sá lọ sí gúúsù, àwọn ọmọ ń lọ sí ibòmíràn. Lónìí, ibi tí wọ́n ti rí ẹni tó sọnù kẹ́yìn ni àwọn tó mọ iṣẹ́ àwárí fi ń ṣe orísun gbogbo ìwákiri: ẹnì kan á dúró níbẹ̀, ẹlòmíràn á lọ wo ibi tí a rò pé ó lọ. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì lè pín ara rẹ̀ sí méjì. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kíákíá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá bàbá lẹ́bi, torí pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wò ni ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ pé kí òbí wá, òbí sì wá. Tíṣà ṣe ojúṣe rẹ̀, bàbá ṣe tirẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé láàárín ọwọ́ tíṣà àti ọwọ́ bàbá, àlàfo kékeré kan wà tí ẹṣin nìkan wà nínú rẹ̀. Bóyá èèkàn kan wà nínú ọgbà tí wọn ì bá so ẹṣin mọ́, tàbí ọmọkùnrin ńlá kan tí ì bá di ìjánu mú. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ìjàm̀bá tó kan ọmọdé, inú àlàfo báyìí ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àgbà méjì jọ wà níbẹ̀ tí olúkúlùkù rò pé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Omi

Àwọn àbúrò méjèèjì ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí ara wọn yá.

Ẹ̀gbọ́n kò tètè mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà. Ó rò pé bàbá wà níwájú. Ìgbà tó yé e, kò sí ọ̀nà mọ́ lábẹ́ wọn. Wọ́n já sínú kòtò kan tí omi yìnyín tó ń yọ́ láàárọ̀ ti kún, ọkọ̀ há síbẹ̀. Ẹnì kan ní láti sọ̀ kalẹ̀ láti ran ẹṣin lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹṣin fà wọ́n jáde, àmọ́ omi ti wọ bàtà rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti rẹ láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé sáré kọjá ibí yìí. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ara ènìyàn ń gbé lórí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti já wá sí ìsàlẹ̀ 35, àwọn dókítà á ní hypothermia ti bẹ̀rẹ̀: ara á máa gbọ̀n rìrì, ọwọ́ kò ní lè ta kókó mọ́, ẹnu á máa kólòlò, ẹsẹ̀ á máa kọsẹ̀. Tó bá wá já dé nǹkan bí 32 tàbí 30, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ara ti ń móoru, nígbà tó jẹ́ pé agbára tó ń gbọ̀n ló tán. Omi ń fa ooru kúrò lára ní ìlọ́po bíi 25 ju afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Aṣọ tó bá rẹ kì í dáàbò boni mọ́. Ìjì tó ń fẹ́ lù ú á sì máa gba ìwọ̀nba ooru tó kù. Ẹni tó wọ aṣọ gbígbẹ lè bá òtútù ṣe àdéhùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti rẹ ní ìwọ̀n òtútù kan náà ti wọ gbèsè.

Nítorí náà, ìpinnu àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ni pé òun ni yóò wọ omi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, wà níbẹ̀, ó sì lè di ìjánu mú. Ẹlòmíràn ì bá rán an. Kò rán an. Bóyá kò tiẹ̀ ronú sí i. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa láti jẹ́ àkọ́kọ́ tó ń dìde nígbà tí iṣẹ́ bá dé kì í jókòó ṣe ìṣirò kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọkọ̀ dojú dé

Wọ́n ń lọ, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, ọkọ̀ kọlu nǹkan kan, ó dà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ kò fara pa. Wọn kò lè gbé ọkọ̀ náà dìde. Tàpólì orí rẹ̀ wá di bí ihò kékeré, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ìjì.

Ibí yìí ni mo máa ń dá ìtàn dúró, màá sì bi àwọn tó jókòó pé: ẹ ti ń lọ àbí ẹ ti dúró? Ìdajì wọn, pàápàá àwọn ọkùnrin, á ní àwọn á lọ wá ilé. Ìfẹ́ kí a máa ṣe nǹkan lágbára nínú ènìyàn. Ìjókòó jọ ìjuwọ́sílẹ̀ lójú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó ṣí kúbùsù méjì, ó tẹ́ wọn sínú ìbòrí náà, ó ní kí àwọn àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé e, ó sì fi aṣọ onírun bò wọ́n. Ẹ wo bó ṣe tò wọ́n: kúbùsù méjì lábẹ́, ọ̀kan ṣoṣo lókè. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á kó gbogbo rẹ̀ borí. Ilẹ̀ tó dì ń fa ooru kúrò lára ẹni tó dùbúlẹ̀ lé e láìdúró, kò sì sí bí aṣọ òkè ṣe lè pọ̀ tó tí yóò dí i. N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ó ṣe é dáadáa.

Kí ẹ lè rí i pé ìdúró yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ní ìlà oòrùn Colorado. Ní 26 oṣù Kẹta 1931, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan tó kó ọmọ 20 há sínú ìjì yìnyín, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí 33. Ọ̀gbẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ náà jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí ní nǹkan bí máìlì mẹ́ta síbi tí bọ́ọ̀sì wà. Ọmọ márùn-ún kú, 15 yè, ọmọkùnrin ọdún 13 kan tí wọ́n ní ó bọ́ aṣọ rẹ̀ fún àwọn tó kéré sì dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Hoover ní White House. Awakọ̀ náà kì í ṣe òpònú. Ọmọ tirẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Ìfẹ́ ló gbé e jáde, ìfẹ́ kan náà ló sì dá Ẹ̀gbọ́n dúró. Ìyàtọ̀ kan ni pé ìjì ń fọ́ ojú ẹni tó bá jáde, ohun tó tóbi bí ọkọ̀ sì rọrùn láti rí ju ènìyàn kan lọ.

Òru

Ìjì ń gbá aṣọ onírun náà kúrò, Ẹ̀gbọ́n ń fà á padà. Ó tún gbá a, ó tún fà á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é mọ́. Ó wá fi aṣọ náà bo àwọn àbúrò rẹ̀, ó ṣí kóòtù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Àbúrò sọ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó wọlé sábẹ́ aṣọ bá àwọn, ó kọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ara wọn móoru.

Ẹ rántí àwọn ìyá wa tó ń sá aṣọ sórí koríko, tí wọ́n á wá òkúta wúwo tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n wá òkúta títí, kò rí. Òun fúnra rẹ̀ ló di òkúta náà.

Ṣé ó yẹ kó wọlé sábẹ́ aṣọ? Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "akọni ni" sá fún un. Ohun tí a ń kọ́ni ni pé kí gbogbo ènìyàn wọ abẹ́ ìbora kan, kí wọ́n fún ara wọn pọ̀, kí ẹni tó kéré jù wà láàárín. Ara mẹ́ta ń mú ooru wá ju méjì lọ. Lórí pátákó ìkọ̀wé, ìdáhùn tó péye nìyẹn. Lórí pápá yẹn, aṣọ kan ṣoṣo ló wà, kò sì dúró lórí wọn láìsí ohun tó tẹ̀ ẹ́. Aṣọ ẹni kẹta náà sì ti rẹ. Tó bá wọlé, ó ń mú omi wọlé bá àwọn tí ara wọn gbẹ, aṣọ náà á sì fò lọ. Mo ti tún un wò lọ́pọ̀ ìgbà, n kò rí ibi tó ti ṣìṣe pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara àwọn ọmọ náà fúnra wọn jẹ́rìí sí i. Ara kékeré máa ń tètè pàdánù ooru ju ara ńlá lọ. Tí òtútù bá pin wọ́n dọ́gba, ọmọ ọdún 8 ni ì bá kọ́kọ́ lọ, ọmọ ọdún 15 ni ì bá kẹ́yìn. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: àwọn tó kéré, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n ní ohun títẹ́ lábẹ́ àti ìbora lókè, ló yè.

Ọ̀rọ̀ kóòtù tó ṣí sílẹ̀ tún wà fún àwa tí a máa ń dé ibi tí irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí òtútù ti fẹ́ pa tán a máa bọ́ aṣọ kúrò lára ara rẹ̀ nígbà mìíràn, torí pé ọpọlọ á ti máa sọ fún un pé ooru ń mú un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Ẹ̀gbọ́n láìmọ ìtàn lè rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀ ni kò jẹ́ ká rò bẹ́ẹ̀: ó ṣì ń dá wọn lóhùn, ó sì ṣàlàyé ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe. Nítorí náà, ẹ máa gba ọ̀rọ̀ ọmọdé sílẹ̀, ẹ má fi ojú nìkan ka ibi ìṣẹ̀lẹ̀.

Iṣẹ́ kejì tó ṣe lóru náà, ẹnu ló fi ṣe é. Ó ní kí wọ́n má sùn. Ó ní kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀, kí wọ́n máa gbá ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lábẹ́ aṣọ. Ó pa ìtàn fún wọn. Wọ́n kọ orin tí wọ́n ń kọ ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gba Àdúrà Olúwa. Ẹ jẹ́ kí n yanjú nǹkan kan níbẹ̀: kì í ṣe oorun gan-an ló ń pa ènìyàn nínú òtútù. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń mú ooru wá, ẹni tó sùn kì í mi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣe ju ìyẹn lọ. Ọmọdé tí ẹ̀rù bá ba gidi máa ń dìde sáré. Ọmọ ọdún 8 tó bá sáré jáde sínú òkùnkùn yẹn, ó tán. Ohùn ẹ̀gbọ́n wọn ni géètì tí wọ́n kò ré kọjá títí ilẹ̀ fi mọ́, kódà lẹ́yìn tí ohùn náà ti dákẹ́.

Àwọn tó ń wá wọn

Ọkùnrin tó ju 30 lọ ló jáde. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ pé ìdúró òru yẹn dun ìyá àti bàbá náà dé ọ̀run. Síbẹ̀, ìjì ọjọ́ mélòó kan yẹn pa ènìyàn 34, àwọn tó ń wá ènìyàn nínú òkùnkùn náà sì lè di ẹni tí wọ́n ń wá.

Ojú ipa ọkọ̀ yìnyín kékeré kan ni wọ́n rí tí wọ́n tẹ̀ lé. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 25 lẹ́yìn tí ẹṣin jáde ní géètì, wọ́n bá ọkọ̀ náà ní nǹkan bí máìlì méjì sí gúúsù ilé-ẹ̀kọ́. Ẹṣin ṣì dúró níbẹ̀, wọn kò tíì tú u. Ẹ̀gbọ́n nà gbalaja lórí àwọn àbúrò rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, ó ti le gbandi. Àwọn méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń mí.

Wọ́n kó wọn lọ sí ilé oko tó sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n gbìyànjú lórí Ẹ̀gbọ́n fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò jí.

Mo máa ń yin àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn fún wákàtí tí wọ́n lò lórí rẹ̀. Ọdún 40 ṣì kù kí títẹ àyà láti jí ọkàn dìde, bí a ṣe mọ̀ ọ́n báyìí, tó dé ní 1960. Lónìí, òfin wa ni pé kí a má ṣe pe ẹni tí òtútù mú ní òkú títí ara rẹ̀ yóò fi móoru tí kò sì jí. Ní 1999, dókítà obìnrin kan ṣubú sínú omi tó dì ní Norway, ara rẹ̀ já dé 13.7, ọkàn rẹ̀ dúró, ó sì yè. Ipò tiwọn ní Oliver County yàtọ̀ gan-an, n kò sọ pé a ì bá gbà á là. Mo ń sọ pé wọn kò tètè jáwọ́ lára rẹ̀, láìsí ìwé kankan tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé lónìí: gbé e jẹ́jẹ́, torí pé ọkàn tó tutù lè dàrú tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bọ́ aṣọ tútù kúrò, fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Má fi yìnyín pa á lára, má fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ti dì, má fún un ní ọtí. Tó bá lè gbé e mì, fún un ní ohun gbígbóná tó dùn.

Níbi tí mo ti ń lo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Minnesota tàbí Dakota, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ọmọ méjì lẹ́yìn. Wọ́n mọ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru. Wọn kò tíì mọ òwúrọ̀ oṣù Kẹta tó rọ̀.

Màá fún wọn ní bébà, màá ní kí wọ́n kọ aago tí Ẹ̀gbọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kọ òru. Lẹ́yìn tí a bá ti jọ sọ ọ́, bébà náà á yí padà: àwọn kan á kọ aago kan, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ìjánu wà nílẹ̀, àwọn yòókù á kọ ìgbà tó wọ omi. N kì í dá wọn lẹ́jọ́. Màá ní kí àwọn tó kọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sọ ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tiwọn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà àti ọkọ̀. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu bí wọn kò ṣe lè dáhùn.

Lẹ́yìn náà, a ó jáde lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí, màá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún wọn. Ṣọ́bìrì wà níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, kúbùsù mẹ́rin, ẹ̀pà àti súgà nínú agolo, aṣọ pupa kan tí mo lè so mọ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè rí i. Lórí gbogbo rẹ̀, nínú ọ̀rá tí mo dì lẹ́nu pinpin kí omi má baà wọ̀ ọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò gbígbẹ wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé mi, títí kan ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí, tó ti pé ọdún 15 báyìí, tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ tí táyà bá há.